Ìkarahun Òkun Tí A Fi Kun Ilé Àdúrà

Ariwo kan wà tí ẹ̀yin ọmọ mi kò gbọ́ rí, kò sì jọ pé ẹ óò gbọ́ ọ láé: ariwo ìkarahun nígbà tí wọ́n bá ń dà á láti inú ọkọ̀ ojú omi sí etí odò ní Agbábù. Kì í ṣe ariwo òkúta, kì í sì ṣe ariwo àwo tó fọ́. Ó máa ń dún bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin bá jọ ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì, tí ìwọ tó wà lóde kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àmọ́ tí ẹnu tìrẹ náà ti ń là. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́kùnrin, bí mo bá gbọ́ ariwo yẹn láti ọ̀nà oko, mo mọ̀ pé àwọn ará etíkun ti dé.

Òkun jìnnà sí wa ní Odígbó. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló gbé ayé láàárín kòkó, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ, tí wọ́n sì lọ láìfi ojú rí i. Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé a kò mọ òkun, nítorí òkun fúnra rẹ̀ ló ń wá bá wa. Odò Olúwa ni ọ̀nà tó ń gbà wá, àwọn obìnrin Ìlàjẹ ló sì ń gbé e wá: ẹja yíyan tí wọ́n ká yípo bí òrùka, edé pupa nínú apẹ̀rẹ̀, ìṣáwùrú, àti oríṣi ẹran omi kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi létí òkun, tí ìkarahun rẹ̀ jẹ́ méjì tó pa dé mọ́ra bí àpótí kékeré. Àwa náà a kó púpurú tí à ń fi ẹ̀gẹ́ kíkan ṣe, epo pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ pàdé wọn. Wọn yóò fi èdè Ìlàjẹ bú wa, àwa yóò fi Ìkálẹ̀ tiwa dá wọn lóhùn, ọjà yóò sì tà. Ní òde òní, inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni ẹja ń gbà dé Orè, ó ti dì bí igi, ẹni tó ń tà á kò sì mọ omi tí wọ́n ti mú un.

Ẹran inú ìkarahun ni ìlàjì ohun tí à ń rà. Ìkarahun gan-an ni ìlàjì kejì. A máa ń to ó lé orí igi gbígbẹ, ihá àti èèpo ẹkùrọ́, a ó sun ún títí yóò fi pọ́n kọjá bó ti yẹ. Bó bá tutù, a ó wọ́n omi sí i, yóò pariwo ṣìì, yóò wú, yóò sì fọ́ sí ìyẹ̀fun funfun fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn la ń pò mọ́ ògì ẹ̀gẹ́ tó ti jinná, òun la sì fi ń kun ilé. Ẹni tó bá ń pò ó gbọ́dọ̀ fi epo pa ọwọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bó o. Ẹfun náà kì í lẹ̀ pinpin. Ẹni tó bá fara ti ògiri yóò gbé e lọ sílé ní èjìká. Mo rántí pé bí a bá lọ sí ọjà Orè, àwọn èèyàn a máa wo ẹ̀yìn ẹ̀wù wa, wọn a sì wí pé, "Ọmọ ilé àdúrà nìyí, ó ti lọ sùn nínú ìsìn."

Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó dé, tí àwọn ológun sì gba ìjọba, ìkarahun wá di ohun iyì. Ọ̀dà kò sí lọ́jà mọ́, sìmẹ́ńtì ti di ohun tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Àwọn èèyàn ń tò sórí ìlà nítorí ṣúgà, nítorí mílíìkì, nítorí ọṣẹ. Bàbá arúgbó kan tò sórí ìlà kan ní Orè láti àárọ̀ dé ọ̀sán, nígbà tó kàn án, ó bi olùtajà léèrè pé kí ni wọ́n ń tà. Ní àkókò yẹn kan náà ni ìjọba pàṣẹ pé gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì àfi tó bá di ọkọ́ tàbí ìgbálẹ̀ mú. Èyí tó dára nínú rẹ̀ dára. Ilẹ̀ mọ́ nígbà yẹn ju bó ti mọ́ lónìí lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Bàbá mi ló dá ilé àdúrà wa sílẹ̀. Bàbá Àdúrà ni gbogbo ìlú ń pè é. Amọ̀ ni ilé náà, òun àti àwọn ọmọ ìjọ ló fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ rẹ̀, páànù orí rẹ̀ sì ti owó kòkó wá. Òjò ti fọ ẹfun ara rẹ̀ dànù, èéfín àbẹ́là àti tùràrí sì ti sọ inú rẹ̀ di dúdú. Ìkórè wa kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wolé-wolé yà bá wa pẹ̀lú sójà kan. Ará ìlú mìíràn ni wolé-wolé náà, bàtà rẹ̀ ń dán.

"Bàbá," ó ní, "ta ló ni ilé tó dà bí ìdí ìkòkò yìí?"

"Ọlọ́run ló ni ín," bàbá mi dá a lóhùn.

"Ẹ bá mi sọ fún Un kó kun ún lẹ́fun. Bí mo bá padà dé ní Sátidé ìmọ́tótó tí kò funfun, àgádágodo ni n ó fi ti ilẹ̀kùn Rẹ̀."

Sójà náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rín. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn gan-an ni Ìkórè, àwọn ìjọ láti Omifunfun àti láti Orè ń bọ̀, gbogbo ohun tí bàbá mi sì fi ayé rẹ̀ kọ́ wà nínú ògiri yẹn. Mo ti rí i tí wọ́n ti ilé ìjọsìn mìíràn pa. Koríko ló hù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣí i mọ́.

A kó púpurú àti epo sórí ọmọlanke, ó di Agbábù. Opó kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá Orímisàn, òun ni olórí àwọn tó ń ta ìkarahun. Ẹ kò lè dé Agbábù nígbà yẹn kí ẹ má mọ ilé rẹ̀. Ilẹ̀ Agbábù ní ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ojú títì nínú, ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀, ìjọba kan á ní òun yóò wà á, òmíràn á ní òun yóò wà á, ọ̀dà ń bẹ níbẹ̀ di òní. Bí oòrùn bá mú, a máa yọ́ mọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Àmọ́ àgbàlá Ìyá Orímisàn funfun báláú. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi ìkarahun tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé etí odò, ó da ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ilẹ̀, ó sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá náà kì í jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀dà tẹ ibẹ̀.

"Dúró níbẹ̀ yẹn!" Bó ṣe kí mi nìyẹn. "Wo ọ̀dà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Ẹ̀yin ará Odígbó, ẹ kì í rántí wa àfi bí ilé yín bá dọ̀tí."

"Ìyá wa, ẹja yín là ń jẹ lójoojúmọ́."

"Ẹja tí ẹ fi ń jẹ púpurú tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ sójà! Kí ni Bàbá Àdúrà wí?"

Mo rò ó fún un. Lẹ́yìn náà ó ní kí a kó gbogbo ìkarahun tó wà létí odò, kí a má ṣe ka iye púpurú tí a gbé wá. Ó kìlọ̀ fún wa pé omi ti ń kún, pé ọkọ̀ mìíràn kò ní gòkè wá kí Sátidé yẹn tó dé.

Nígbà tí a kó wọn dé Odígbó ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Ẹran ṣì wà lára àwọn ìkarahun náà, oòrùn ti pa á, òórùn rẹ̀ sì lè lé ajá. Ìyá Ìjọ, obìnrin tó mọ púpurú ṣe jù lọ ní gbogbo Odígbó, fi ìborùn bo imú.

"Ohun tó ń rùn báyìí kọ́ la ó fi kun ilé Ọlọ́run," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kó wọn sínú omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan. Òun ni mo fi ń bó ìpáàrà ara àdá. Ìpáàrà tó le bí irin, bó bá sun inú rẹ̀, yóò ṣí."

Ìmọ̀ràn náà wọ bàbá mi létí. Ta ni kò ní wọ̀ létí, láàárín wa tó jẹ́ pé omi ẹ̀gẹ́ kíkan la fi ń fọ ohun gbogbo? A kó ìkarahun sínú àwọn àmù ńlá rẹ̀, a sì da omi kíkan lé e. Kò pẹ́ tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí hó láìsí iná. Ìfóòfó wẹ́wẹ́ ń jáde láti ara ìkarahun kọ̀ọ̀kan, ó ń gòkè wérewère, ó ń dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé kókò. Àwọn ọmọ ìjọ sáré wá wò ó. Ẹnì kan ké "Halelúyà!" Ẹlòmíràn ní Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ìkarahun, ó ń wẹ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n dá orin sílẹ̀, wọ́n ń jó yí àmù ká láìwọ bàtà, agogo ń dún. Bí híhó náà bá sì rọlẹ̀, Ìyá Ìjọ a da omi ògbólógbòó dànù, a tún bu kíkan mìíràn sí i, kí ìbùkún má baà dáwọ́ dúró.

Nígbà tí a ṣí àwọn àmù láti kó ìkarahun lọ síbi ìsun, ọwọ́ mi kan ẹrẹ̀. Ìṣáwùrú àti àwọn tó fẹ́lẹ́ kò sí mọ́, wọ́n ti bá omi tí à ń dà dànù lọ. Àwọn tó nípọn ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n, wọn a rún. Ohun tó ṣẹ́kù kò lè kun ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ìjọ jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Bàbá Àdúrà, mo ti pa ilé Ọlọ́run."

Bàbá mi ní, "Dìde, Ìyá Ìjọ. Gbogbo wa la jó."

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi àmù yẹn díẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan, Fọlákẹ́, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì nípa àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun. Nígbà tó wá kí mi, mo bi í léèrè ohun tó gbé ìkarahun lọ, tí mi ò fi rí i mọ́ lọ́jà.

"Bàbá àgbà," ó ní, "gbogbo iná tí ayé ń dá, ti mọ́tò, ti jẹnẹrétọ̀, ti gáàsì tí wọ́n ń sun níbi epo rọ̀bì, ló ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí ojú kì í rí. Kábọ̀ndáyọ́sáìdì là ń pè é. Òkun ń mu nínú rẹ̀. Bó sì ṣe ń mu ún ni omi òkun ń kan díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé bí mo bá tọ́ ọ wò, n ó mọ̀?"

"Rárá o, ahọ́n yín kò lè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹran tó ń fi ohun inú omi kọ́ ìkarahun ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun ìkọ́lé rẹ̀ ń dínkù nínú omi. Àwọn ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ló ń jìyà rẹ̀ jù, agbára tí wọn ìbá fi dàgbà ni wọ́n fi ń kọ́ ilé. Iyùn abẹ́ omi náà ń rí i. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan tí ẹja ń jẹ pàápàá ní ìkarahun, bí wọ́n bá dínkù, ẹja á mọ̀."

Mo ní, "Fọlákẹ́, mo ti rí ohun tí ò ń sọ rí. Nínú àmù ló wà, àwa sì ń jó yí i ká."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òkun kò lè kan tó omi ẹ̀gẹ́ láéláé, pé kò ní yọ́ ìkarahun lójú wa bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà rẹ̀ lọ́ra, ó sì gùn. Ó tún ní kí n má ṣe sọ pé kíkan omi yìí nìkan ló kó ìkarahun wa lọ. Epo tó ń dà sómi wà níbẹ̀, omi iyọ̀ tó ń ya wọ inú omi tútù wà níbẹ̀, òkun tó ń jẹ ìlú àwọn Ìlàjẹ wà níbẹ̀, àwa tó ń kó wọn láìdáwọ́ dúró náà wà níbẹ̀. Iná tí à ń fi sun ìkarahun gan-an, ó ní, tiẹ̀ wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ kéré. Mo gbà. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń sọ fún yín pé ayé àtijọ́ kò lẹ́ṣẹ̀.

Bàbá mi rán mi padà sí Agbábù. Ọwọ́ òfo ni mo mú dé ọ̀dọ̀ Ìyá Orímisàn. Nígbà tí mo rò ó tán, ẹ̀rín gbé e wó lórí àpótí.

"Omi ẹ̀gẹ́! Ẹ rẹ ìkarahun bí ẹni rẹ ẹ̀gẹ́! Ẹ fẹ́ fi ṣe púpurú ni?" Ó pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá o, àwọn ará òkè ti ro púpurú ìṣáwùrú!" Wọ́n yọ ṣùtì sí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó rí ojú mi, ó sì sún mọ́ mi.

"Ṣé òótọ́ ni wọn yóò tì í pa?"

"Wọn yóò tì í pa, ìyá."

Ó wo odò. Ó ti kún dé bèbè, ọkọ̀ kan ṣoṣo kò sí lójú rẹ̀. Ó wá wo àgbàlá rẹ̀. N kò mọ ohun tó rò, n kò sì bi í. Ó bọ́ sálúbàtà, ó mú ọkọ́ tó gbé ti ògiri, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Bẹ̀rẹ̀ láti etí odò," ó ní. "Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi. N kò fẹ́ wò ó."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tó tẹ̀ lé mi wá la hú gbogbo ìkarahun tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́. Wọ́n le, wọ́n gbẹ, òjò ọdún púpọ̀ ti fọ̀ wọ́n mọ́, wọn kò ní òórùn kankan. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, òun fúnra rẹ̀ wá sí Agbábù, ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà lórí amọ̀, nínú sùtánà.

"Dídá ni a ó dá a padà," ó ní. "Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ dìde, Bàbá Àdúrà, ọ̀dà ti mọ́ ẹ̀wù yín," Ìyá Orímisàn ní. "Ẹ lọ kun ilé yín."

A sun ún. A wọ́n omi sí i, ó sì wú bí ìyẹ̀fun tó gba ìwúkàrà. Ìyá Ìjọ ló ro ògì tí a fi pò ó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìjọ ló kun ilé náà, àwọn tí kò rí búrọ́ọ̀ṣì fi ihá kun ún. Nígbà tí wolé-wolé dé ní Sátidé, oòrùn ń bọ́ sára ògiri débi pé ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ó yí ilé po, ó wá nǹkan, kò rí i. Ó fara ti òpó láti yọ òkúta nínú bàtà rẹ̀ tó ń dán, nígbà tó sì yí ẹ̀yìn padà láti lọ, ìlàjì ẹ̀wù ìjọba rẹ̀ ti funfun. Sójà rí i, àwa náà rí i. Kò sí ẹni tó sọ fún un.

Ìkórè yẹn dùn. Àwọn ará Omifunfun gbé iṣu wá, àwọn ará Orè gbé ewúrẹ́ wá. Ìyá Orímisàn wá pẹ̀lú, ìjọ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ó sì wọ bàtà wọlé, kò sí ẹni tó ní kó bọ́ ọ. Bàbá mi gbé àga kalẹ̀ fún un níwájú. Ó ní rárá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló lọ dúró sí, ó na ọwọ́ kan sí i, ó gbé e síbẹ̀ títí ìsìn fi parí.

Láti ọdún yẹn ni a ti ń dá a padà. Bí ọkọ̀ Ìlàjẹ bá gòkè, a ó ra ìkarahun, a ó lọ tẹ́ ẹ sí àgbàlá náà, a ó da ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ilẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ti ṣe é. Bàbá mi ṣe é títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbà á ṣe. Ó ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n lójú odò. Àwọn tó bá wá, ẹja díẹ̀ ni wọ́n ń gbé, bí mo bá sì béèrè ìkarahun, wọn a wò mí bí ẹni tó béèrè aṣọ òyìnbó àtijọ́. Ìyá Orímisàn kú nígbà tí apá kan àgbàlá rẹ̀ funfun, tí apá kejì sì jẹ́ amọ̀. Títí tó fi kú, kò fi ọ̀rọ̀ kan bi wá léèrè rẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Fọlákẹ́ rí ìdajì àpò ìkarahun gbà lọ́wọ́ àwọn ará etíkun kan tó ń bá ṣiṣẹ́, ó gbé e wá fún mi. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí a fi dé Agbábù. Orímisàn, ọmọ obìnrin náà, ló ń gbé ilé yẹn báyìí, òun alára ti ní ewú lórí. Mo kúnlẹ̀, mo ń tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Fọlákẹ́ ń fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí àpò náà ṣófo, ibi tó bò kò ju ibi tí èèyàn kan lè jókòó sí lọ.

Orímisàn di apá mi mú. "Bàbá, ó tó báyìí. Ìyá mi dárí jì yín kó tó lọ, ó sọ ọ́ fún mi. Ẹ dìde kúrò ní ilẹ̀."

Mo wo amọ̀ tó kù, láti ibi orúnkún mi dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Mo ní kò tíì tó, mo sì ní kó bá mi béèrè ẹni tó ń lọ sí etíkun.